Bàtà Funfun Tí Kò Jẹ́ Kí N Gun Ẹ̀yìn Ọkọ̀

Ẹ má bá mi kẹ́dùn. Ẹni tí àánú bá ń ṣe, kó ṣàánú ọmọ mi, tó ń fi ọ̀pá rìn nínú ilé tí mo ti ń kọ ìwé yìí. Gbogbo wọn ti sùn. Èmi nìkan ni mo jókòó tí mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí nínú yàrá kejì. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, bí n kò bá gbọ́ èémí rẹ̀, oorun kì í kùn mí.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ yín ni kí ẹ fojú tín-ín-rín mi díẹ̀. Ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ má lò ó tán lórí mi, ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún àbúrò mi ọkùnrin.

Ọkọ mi tó ti di olóògbé ló dá iṣẹ́ wa sílẹ̀. A máa ń gbé sìmẹ́ǹtì lọ fún àwọn tó ń kọ́lé, a sì máa ń fi ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré háyà fún wọn. Ẹ̀rọ náà a wà lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, àwọn àpò sìmẹ́ǹtì a wà nínú tírélà kékeré tí a so mọ́ ọn nídìí. Ọkọ mi sọ tírélà náà ní Ọmọlẹ́yìn. Ó ní ibi tí ọ̀gá bá lọ ló ń bá a lọ, kì í bèèrè ìdí.

Ọkọ mi kì í ra ọkọ̀ bí àwọn èèyàn ṣe ń rà á. Kì í wo ọ̀dà, kì í wo ìjókòó. Èmi ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Mo sanra, láti ìgbà tí mo ti wà níyàwó ni mo ti sanra. Bí a bá ti dé ọgbà tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀, òun a ní, "Ìyàwó mi, gòkè." Èmi náà a gun bọ́ńpà ẹ̀yìn, n ó sì fò lẹ́ẹ̀mejì. Òun a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a máa wo àlàfo tó wà láàárín táyà àti ara ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti jókòó nítorí tèmi, a gbọnwọ́.

"Èyí tí kò lè gbé ìyàwó mi, ṣé Ọmọlẹ́yìn ló fẹ́ gbé?"

A ó sì máa rẹ́rìn-ín lọ sídìí òmíràn.

Ó tún ní òfin kan lórí bí a ṣe ń di ẹrù. Ẹrù tó pọ̀ jù nínú tírélà gbọ́dọ̀ wà níwájú, kí orí tírélà lè tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀. Bó ṣe máa ń sọ ọ́ ni pé Ọmọlẹ́yìn gbọ́dọ̀ tẹríba fún ọ̀gá ẹ̀. Tírélà tó bá gbé orí sókè, ìjọba ló fẹ́ gbà.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi náà rántí ẹ̀. Kì í ṣe àìmọ̀ ló ṣe mí.

Nígbà tí ọkọ mi lọ, ọkọ̀ náà kò pẹ́ kó tó tẹ̀ lé e. Ọmọ mi kan ṣoṣo ló gba iṣẹ́ náà. Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ló fi ń ṣe é, títí a fi rí owó ọkọ̀ kan kó jọ. Ọ̀kan péré. Bí a bá ṣì í rà, kò sí èkejì, òun sì ti níyàwó, ó ti bí ọmọbìnrin kékeré kan.

Ìgbà yẹn ni àbúrò mi gbọ́ òórùn owó.

Mogbọ́ntán ni àwa tí a bá a jáde nínú ìyá kan náà ń pè é, òun sì rò pé oríkì ni. Kò gbé ohun tó wúwo ju fóònù ọwọ́ ẹ̀ lọ rí láyé. Gbogbo ẹni tó ti gbà nímọ̀ràn nípa ọkọ̀ ló ń fẹsẹ̀ rìn báyìí. Ó wá, ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ó ní ọmọ mi gbọ́n, àmọ́ ọmọdé ni, ojú ilẹ̀ ló ń wò. Ó ní ọkọ̀ tí èèyàn bá gbé jáde ni àwọn oníbàárà fi ń mọ irú ẹni tó jẹ́.

Bí kì í bá ṣe ti obìnrin kan, ǹ bá ti lé e jáde.

Obìnrin náà wà ní òpópónà wa, Ìyá Onígíláàsì ni a ń pè é nítorí àwọn fèrèsé ilé rẹ̀. Ní ìpàdé àwọn obìnrin àdúgbò kan, mo dìde lórí àga, òun ló fẹ́ jókòó síbẹ̀. Ó fa áńkáṣíìfù yọ, ó nu àga náà, ó nu ún dáadáa, kò fi igun kankan sílẹ̀. Ó ní kí n má bínú, pé sìmẹ́ǹtì ni, ara iṣẹ́ ni. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo délé, mo fọ gbogbo aṣọ mi, àtèyí tó mọ́.

Ní ọjọ́ tí a fẹ́ lọ ra ọkọ̀, mo wọ bàtà funfun onígìgísẹ̀. Ta ló ń wọ bàtà funfun lọ sí ọgbà ọkọ̀? Obìnrin tí kò fẹ́ jọ ìyá oníkọnkéré mọ́ ni.

Ọgbà náà fẹ̀, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń tajà níbẹ̀ so táì mọ́ ọrùn nínú oòrùn yẹn. Ojú ẹsẹ̀ ni òun àti Mogbọ́ntán di ọ̀rẹ́. Irú wọn kì í pẹ́ mọ ara wọn.

Ọmọ mi kò tẹ̀ lé wọn. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ bá píkọ́ọ̀pù kan tó rí bí ẹni tí wọ́n lé nílé. Àwọ̀ rẹ̀ jọ ẹrẹ̀. Imú rẹ̀ gùn, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń dún. Ṣùgbọ́n súpíríǹgì ìdí rẹ̀ nípọn, wọ́n tò wọ́n lé ara wọn bí ìwé tó pọ̀, táyà méjì-méjì ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn.

"Màámi, èyí ni," ó ní. Ojú ẹ̀ ń dán.

Onítáì ní ọkọ̀ yẹn dára fún ẹni tí kò bá ka egungun ẹ̀yìn ẹ̀ sí. Ó ní bó bá ṣófo, ó máa ń ta pọ́ún bí ewúrẹ́. Mogbọ́ntán rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ dígí ojú ẹ̀ nu. Wọ́n mú wa lọ sídìí èyí tí wọ́n ti gbé síwájú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ó rẹwà. Dúdú ni, ó ń dán débi pé mo rí ara mi nínú ilẹ̀kùn rẹ̀, mo sì rí tín-ín-rín níbẹ̀. Mo wọlé, ìjókòó awọ gbà mí mọ́ra. Ọjọ́ pẹ́ tí ohun kan ti gbà mí mọ́ra. Afẹ́fẹ́ tútù fẹ́ sí mi lọ́rùn. Mo rò ó bí mo ṣe máa kọjá lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Onígíláàsì, tí mi ò ní yí gíláàsì tèmi sílẹ̀.

Ọmọ mi ń bi onítáì ní ìbéèrè. Onítáì ní ọkọ̀ náà lè fa ilé.

"Ohun tó lè fà kọ́ ni mo bèèrè," ọmọ mi ní. "Ohun tó lè gbé sára ńkọ́? Orí tírélà máa jókòó lé e nídìí, ẹ̀rọ máa wà lẹ́yìn ẹ̀, èmi àti ẹni tó ń bá mi já ẹrù máa wà nínú ẹ̀. Gbogbo ìyẹn ló máa gbé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa nǹkan kan."

Onítáì tún ní ó lè fa ilé.

"Ilé kì í jókòó léni nídìí," ọmọ mi dá a lóhùn. Ó wá yíjú sí mi. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sílẹ̀ kí ẹ gun ẹ̀yìn ẹ̀ wò."

Onítáì kò gbọ́ ọ yé. Mogbọ́ntán ló ṣàlàyé fún un, ó ṣàlàyé ẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín, pé bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀gbọ́n òun wọn ọkọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn. Onítáì wo ìdí mi. Ó wo ọkọ̀ ẹ̀. Ó ní kí n ṣọ́ra, kí n má ba ọ̀dà jẹ́.

Ó yẹ kí n gun un lójú ẹsẹ̀, kí n fò lé e mọ́ onítáì lójú. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo wo bàtà funfun mi.

"Ṣé òṣùwọ̀n ni mí ni?" mo sọ fún ọmọ mi. "Ṣé ibi tí bàbá ẹ dúró sí náà ni ìwọ náà fẹ́ dúró sí? Èyí ni a ó rà."

Ẹ̀rín tó wà lójú ẹ̀ kú. Kò jà. Ó ní, "Ó dáa, Màámi." Ó lọ dúró ti ọkọ̀ aláwọ̀ ẹrẹ̀ yẹn títí a fi parí ọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, Mogbọ́ntán ló ń wa ọkọ̀ náà jù. Ó ní ó yẹ kí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ mọ ojú ọ̀nà kó tó mọ ẹrù. Ó gbé e lọ síbi gbogbo tí kò sí iṣẹ́, ibẹ̀ sì pọ̀ láyé tirẹ̀. Èmi náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a sì kọjá lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Onígíláàsì. Mo gbádùn ẹ̀. Ẹ gbọ́ iye tó ná mi.

Ọjọ́ tí ọmọ mi kọ́kọ́ so Ọmọlẹ́yìn mọ́ ọn, tí wọ́n gbé ẹ̀rọ sí i, tí wọ́n di sìmẹ́ǹtì bí bàbá ẹ̀ ṣe ń dì í, ọkọ̀ olówó ńlá yìí fi ìdí lélẹ̀ bí ajá tó fẹ́ yàgbẹ́. Imú ẹ̀ gòkè. Iná iwájú ẹ̀ ń wo ojú ọ̀run. Àwọn tó ń kọjá dúró wò.

Ìyá Onígíláàsì wà lára wọn. Ó bèèrè lọ́wọ́ mi, ohùn ẹ̀ rọ̀ bí òwú, bóyá ọkọ̀ wa ń gbàdúrà ni.

Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ mi ń fi díẹ̀díẹ̀ kó ẹrù. Ohun tí bàbá ẹ̀ ń gbé lẹ́ẹ̀kan, òun a pín in sí mẹ́ta. Òun a jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, a wọlé tí ọmọ ẹ̀ bá ti sùn. Kò sọ ọ̀rọ̀ òdì kan sí mi. Bí ó bá tiẹ̀ sọ ọ́, ara ì bá tù mí.

Mogbọ́ntán ló wá mú ọgbọ́n wá. Ó yí ọkọ̀ náà po, ó fi ìka kan ilẹ̀kùn, ó ní ọ̀rọ̀ yìí kò le. Kí wọ́n kó ọ̀pọ̀ àpò náà lọ sí ìparí tírélà lẹ́yìn. Bí ẹ̀yìn tírélà bá wúwo, orí rẹ̀ á gbéra, á gbé ìdí ọkọ̀ náà sókè, ohun gbogbo á sì rí gbọọrọ. Ó ní ó yà òun lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó ronú kàn án nínú gbogbo wa.

Ọkọ mi ti ronú kàn án láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ìdí tí kò fi ṣe é nìyẹn.

Mo mọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé mọ̀ pé mo mọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin tó ń sọ ọ́ létí mi pé tírélà tó bá gbórí sókè, á bẹ̀rẹ̀ sí í jù bí ìrù ejò bí ó bá ti dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò sì sí bí awakọ̀ ṣe lè mú un.

Kọ́lékọ́lé kan tó jẹ́ oníbàárà wa láti ìgbà ọkọ mi ní òun fẹ́ gba ẹrù kíkún lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ń di ẹrù lówùúrọ̀, ìdí ọkọ̀ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Mo wo òdìkejì òpópónà. Ìyá Onígíláàsì ti jáde síta, ó ń fi ìgbálẹ̀ gbá ibi tí kò dọ̀tí.

Mo pariwo látẹnu ilẹ̀kùn pé kí wọ́n kó àwọn àpò náà sẹ́yìn.

Ọmọ mi dúró. Ó gbé àpò kan léjìká, kò sọ ọ́ kalẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ wà níbẹ̀, ó gbé omi wá fún un, ọmọ wà lẹ́yìn ẹ̀.

"Màámi, ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀."

"Ṣé o fẹ́ kọ́ mi ní iṣẹ́ ọkọ mi ni? Mo ní kí ẹ kó o sẹ́yìn."

Ó wò mí. Ó lọ kó o sẹ́yìn. Mo tọ́ ọmọ mi láti máa gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, ẹ̀kọ́ náà sì mọ́ ọn lára. Ó ní kí ẹni tó ń bá a já ẹrù má wọkọ̀, kó wá bá òun lọ́hùn-ún. Ọkọ̀ náà jáde gbọọrọ, ó rẹwà. Mogbọ́ntán pàtẹ́wọ́ fún ara ẹ̀. Nígbà tí mo ní kó bá a lọ, ó ní òun ní ìpàdé kan. Ìpàdé! Òun àti àga wa ni wọ́n jọ ṣe ìpàdé náà, orí rẹ̀ ló sùn sí.

Wọ́n pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn ìlú, tírélà náà bẹ̀rẹ̀ sí í jù. Ó jù sọ́tùn-ún, ó jù sósì, lẹ́yìn náà ló gba ìdí ọkọ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀. Ìjọba tí ọkọ mi ń wí, ó gbà á. Wọ́n fi irin gé ilẹ̀kùn kí wọ́n tó yọ ọmọ mi jáde nínú kòtò.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi aṣọ pín ibùsùn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọ mi wà lẹ́yìn ọ̀kan, itan ẹ̀ ti dá, egungun ìhà ẹ̀ ti sán. Èmi, ìyàwó ẹ̀ àti Mogbọ́ntán dúró síwájú aṣọ náà. Kọ́lékọ́lé yẹn dé. Ó ti gba ibi tí ọkọ̀ náà wà kọjá. Ó ti wo tírélà náà, ó ti rí ibi tí ẹrù wà.

Ó béèrè ta ló di ẹrù bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kò ní gbé iṣẹ́ fún ẹni tó bá di irú ẹrù yẹn mọ́, torí òun náà ní àwọn ọmọ tó ń ṣeré lẹ́bàá ọ̀nà.

Mogbọ́ntán kò tiẹ̀ mí kó tó dáhùn.

"Ẹ bá mi wò ó, sà. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Wọn kì í gbọ́ràn. Òun ló kó o síbẹ̀, òun náà ló wà á."

Kọ́lékọ́lé wò mí. Ó mọ̀ mí láti ìgbà ọkọ mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí n sọ.

N kò sọ ọ́.

Àwọn èèyàn pọ̀ níbẹ̀, nọ́ọ̀sì ń lọ, nọ́ọ̀sì ń bọ̀, gbogbo wọn ń gbọ́. Mo wolẹ̀. Bàtà wo ni ẹ rò pé mo wọ̀? Òun náà ni. Mo ti sáré jáde nílé láìrí ohun mìíràn wọ̀, ó sì ti gba ẹrẹ̀.

Lẹ́yìn aṣọ yẹn, ẹni tó wà lórí ibùsùn ń mí pẹ̀lú ìrora. Ó ń gbọ́ wa. Kò sọ pé òun kọ́. Ó ń dúró dè mí.

Ìyàwó ọmọ mi ló sọ̀rọ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, láti ọjọ́ tí a ti gbé e wálé kò wo ojú mi tààrà rí. Ọjọ́ yẹn ló wò ó.

"Bọ̀ọ̀dá, mo wà níbẹ̀," ó sọ fún Mogbọ́ntán. Ó wá kọjú sí mi. "Màámi, mo wà níbẹ̀. Omi ni mo gbé lọ́wọ́. Ó bi yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má jẹ́ kí ó ru èyí mọ́ ẹsẹ̀ tó dá."

Nọ́ọ̀sì kan dúró. Kọ́lékọ́lé bọ́ fìlà ẹ̀, kò mọ ibi tó máa fi í sí.

"Èmi ni," mo ní. "Èmi ni mo ní kí wọ́n kó o sẹ́yìn. Mo sì mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀."

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti kúrú tó. Ẹnu mi gbà á. Kò pa mí. Ṣùgbọ́n mo ti jẹ́ kí ọmọbìnrin ọlọ́mọbìnrin kọ́kọ́ fà á yọ lẹ́nu mi, àṣírí tí wọ́n bá ti fà yọ lẹ́nu ẹni kì í ṣe ìjẹ́wọ́ mọ́.

Mogbọ́ntán rántí ìpàdé mìíràn. Kò tíì padà dé láti ìpàdé ọ̀hún títí di òní. Mo gbọ́ pé ó ti ń gba ẹnì kan nímọ̀ràn lórí ilé kíkọ́. Kí Ọlọ́run ṣọ́ òrùlé onítọ̀hún.

Ní ti ọmọ mi, ó padà wálé, ó ń kí mi láàárọ̀, ó ń kí mi lálẹ́. Ó ń jẹun mi. Ṣùgbọ́n kò bi mí léèrè ohunkóhun nípa iṣẹ́ mọ́. Tẹ́lẹ̀, bí ó bá fẹ́ ra ìṣó lásán, a ní, "Màámi, kí lẹ rí sí i?" Ọ̀rọ̀ yẹn ni etí mi ń wá kiri inú ilé títí di àná.

Mo ta ilẹ̀ kékeré tí ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi, mo fi kún ohun tí wọ́n fún wa lórí òkú ọkọ̀ dúdú yẹn. Mo kó o fún ọmọ mi. Ó gbà á, ó dúpẹ́. Lánàá, mo rí i tó ń wọ bàtà kan, èkejì kò tíì lè wọ̀ ọ́ dáadáa, ó fẹ́ jáde. N kò bèèrè ibi tó ń lọ. Mo tẹ̀ lé e.

Ọkọ̀ aláwọ̀ ẹrẹ̀ yẹn ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Onítáì náà ṣì wà níbẹ̀, ó rí wa, ó tún táì ẹ̀ ṣe.

Ọmọ mi fi ọ̀pá tilẹ̀, ó gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀ kó lè wo súpíríǹgì ẹ̀. Itan náà kò jẹ́. Kò pè mí. Kò wo ẹ̀yìn.

Mo bọ́ bàtà mi sórí òkúta wẹ́wẹ́ yẹn. Mo di aṣọ mi mú, mo gun bọ́ńpà ẹ̀yìn pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Onítáì ní, "Mọ́mì, ẹ ṣọ́ra o." Mo ní kó gbẹ́nu sọ́hùn-ún. Mo fò lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà yíjú wò mí, obìnrin sísanra kan tó ń fò lórí ọkọ̀ nínú oòrùn.

Ọkọ̀ náà kò mira.

Ọmọ mi ń wo àlàfo táyà. Ó wò ó pẹ́. Nígbà tó gbójú sókè, ojú bàbá ẹ̀ ni mo rí.

"Màámi," ó ní, "kí lẹ rí sí i?"

Ó na ọwọ́ tí kò mú ọ̀pá sí mi kí n sọ̀ kalẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n tún fò lẹ́ẹ̀kan sí i, kó lè dá a lójú.